Ọmọ mi fẹ́ bá wọn yanṣẹ́ lódì, àwọn ọ̀gá ní àwọn á gba àjẹmọ́nú rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáTọ́lá_Peckham (ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú pọ̀ láàárín yín.

Inú bàálù ni Tọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi, ti ń ṣiṣẹ́, òun ni èrò máa ń rí lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ti dìbò pé àwọn máa yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù àti wákàtí ìsinmi. Ní ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá pé ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì ti pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ nìyẹn, òun àti ẹbí rẹ̀, kò sì ní rí i gbà mọ́ láéláé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, staff travel ni wọ́n ń pè é. Òṣìṣẹ́ á san owó díẹ̀, á wá dúró ní pápákọ̀. Bí àyè bá ṣẹ́ kù nínú bàálù, á wọlé. Wọ́n máa ń jẹ́ kó fi orúkọ òbí àti ọkọ tàbí aya sí i. Òun ni mo fi ń lọ wo ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìyá mi ti pé ọdún 88. Iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ní oṣù Kejìlá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọmọ yìí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lálẹ́ àná, ó ní, "Mọ́mì, kí ni kí n ṣe?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ṣé wọ́n lágbára láti gbà á lóòótọ́? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí?

Déjì_Hounslow (9:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ mà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ìṣojú mi sì ni. British Airways ni, láti ìparí 2009 títí wọ 2011. Mi ò sí lábẹ́ wọn o. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó oúnjẹ sínú bàálù ní pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ la máa ń wọ bàálù wọn, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ kaná la ti máa ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008. Nínú ọdún ìṣúná tó parí ní oṣù Kẹta 2009, British Airways pàdánù 401 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ọ̀gá àgbà wọn, Willie Walsh, tí òun fúnra rẹ̀ ti wa bàálù rí fún Aer Lingus ní Ireland, bẹ̀rẹ̀ sí gé ìnáwó. Ní oṣù Kọkànlá 2009 wọ́n yọ ẹnì kan kúrò lára òṣìṣẹ́ bàálù ọ̀nà jíjìn tó ń gbéra ní Heathrow. Èèyàn 15 di 14. Wọ́n ní owó oṣù kò ní lọ sókè fún ọdún méjì, wọ́n sì ní àwọn tí wọ́n máa gbà lẹ́yìn náà á wà lọ́tọ̀, owó tiwọn á sì kéré sí ti àwọn àgbà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, Unite, fárí gá, wọ́n ní ta ni wọ́n bá jókòó kí wọ́n tó yọ ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún.

Wọ́n dìbò. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò, ó lé ní 92 tó ní kí wọ́n yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 12, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá. Ọdún Kérésì gan-an! Ilé ẹjọ́ gíga dá a dúró ní ọjọ́ 17, torí pé wọ́n ti fún àwọn tó ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ níwèé ìbò. Wọ́n tún ìbò dì ní oṣù Kejì 2010, ó tún lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kẹta, wọ́n yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún fi ọjọ́ mẹ́rin kún un.

Walsh ti kìlọ̀ kó tó di ọjọ́ náà pé ẹni tó bá jáde, staff travel rẹ̀ ti lọ, kò sì ní padà. Bó ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe é. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bàbá_Ìbejì_Woolwich (11:05 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, kẹ́ ẹ má bínú. Mi ò sí lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì bàálù. Ọdún kan wà tí àbúrò mi kú nílé, ìyanṣẹ́lódì iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ dá mi dúró sí pápákọ̀ fún ọjọ́ méjì. Orí àga ni mo sùn. Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín. Títí di òní ni mo ń ro ó.

Tíkẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ yìí, ọ̀gá ló fi ṣe wọ́n lóore. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà. Bí mo bá ń gbé aládùúgbò mi lọ sí ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ mi, tó wá dúró lẹ́nu géètì mi tó ń ṣépè fún mi, ṣé ó tún yẹ kí n gbé e lọ́jọ́ kejì? Ìyá Tọ́lá, ẹ sọ fún ọmọ yín kó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ṣe pàtàkì ju ẹgbẹ́ lọ.

Rẹ̀mí_ẹlẹ́rù_kékeré (12:31 ọ̀sán)

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò yín, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò bá yín jiyàn nípa ìrora yẹn rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 19 sọ ohun tí ẹ ń pè ní oore. N kò ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́, wọ́n kọ owó oṣù síwájú mi, ó kéré débi pé mo bojú wo ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Má gbàgbé staff travel." Gbogbo ìgbà tí a bá béèrè àfikún owó, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún wa. Ọdún 19 ni wọ́n fi kà á mọ́ owó oṣù mi. Ọjọ́ tí mo bá wọn ṣẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé oore ni.

Ẹ ò sì lè mọ bí nǹkan yìí ṣe wọ inú ìgbésí ayé wa. Ilé wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó tí wọ́n ń san fún wa kò lè gbé ilé nítòsí Heathrow. Nítorí náà àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé ní Scotland, àwọn kan ní France, ẹnì kan ní Spain. Bàálù ni wọ́n ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, bí ẹ̀yin ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́ wọn, ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni wọ́n dí mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn tí a yanṣẹ́ lódì, ń wọ bọ́ọ̀sì òru láti Glasgow. Á dé Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀, á sùn díẹ̀ sórí àga ní yàrá òṣìṣẹ́, á tún wọ bàálù wákàtí mọ́kànlá. Ẹni tí ẹ fẹ́ kó ṣí ilẹ̀kùn fún yín nínú èéfín nìyẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ará ìta kì í mọ̀. Ọjọ́ tí èèyàn wọṣẹ́ ni wọ́n fi ń tò wá sórí ìlà. Bí àyè méjì bá ṣẹ́ kù nínú bàálù Èkó, tí òṣìṣẹ́ mẹ́fà ń dúró, àgbà iṣẹ́ méjì ni yóò wọlé. Nítorí náà bí wọ́n bá tilẹ̀ dá tíkẹ́ẹ̀tì padà fún ẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ìsàlẹ̀ ìlà lo ti máa bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun, ẹ̀yin lẹ máa dúró, bàálù á sì gbéra níṣojú yín. Mo ti dúró bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú ìyá mi nínú kẹ̀kẹ́ aláìlera. Ọmọ ọdún 23 tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló kọjá lára wa wọlé. Kò lè wojú mi.

ÌyáTọ́lá_Peckham (1:02 ọ̀sán)

Rẹ̀mí, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á débi kẹ̀kẹ́ yẹn. Ṣé òfin ò dá sí i ni? Orílẹ̀-èdè tó lófin la wà.

Lọ́yà_Dagenham (3:18 ọ̀sán)

Ẹ káàsán mà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì tọ̀nà lórí ohun kan. Ohun tí British Airways dì mú ni pé staff travel kò sí nínú ìwé àdéhùn. Ìdí nìyẹn tí ohun àkọ́kọ́ tí Tọ́lá gbọ́dọ̀ ṣe lónìí fi jẹ́ pé kó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, kó wo bí wọ́n ṣe kọ nǹkan yìí. Bí wọ́n bá kọ pé iléeṣẹ́ lè yí i padà tàbí mú un kúrò nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, kó mọ̀ pé ilẹ̀ tó dúró lé kò le.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti pẹ́ tó ti ń dáàbò bo ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì lọ́nà tó bófin mu, kí wọ́n má lè tìtorí ẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 1992 kò sọ ni ìyà tó kéré sí lílé kúrò. Gbígba àjẹmọ́nú, dídá èèyàn dúró ráńpẹ́, fífi ìgbéga dù ú, gbogbo ìyẹn ń kọjá láàárín ìka òfin. Àwọn òṣìṣẹ́ British Airways gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg, wọn kò gba ẹjọ́ náà wọlé ní 2013.

Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Mercer. Obìnrin tó ń tọ́jú aláìlera ni, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lásìkò ìyanṣẹ́lódì. Àwọn adájọ́ ní apá 146 òfin 1992 yẹn ta ko ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, nítorí kò dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: irú ìdájọ́ yẹn kì í pa òfin rẹ́. Ilé aṣòfin ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2025 ti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni gbogbo apá rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà kó bi agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ wọn léèrè bóyá ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jáde bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Kó sì rí i dájú pé ìbò wọn mọ́ kangá. Ní oṣù Karùn-ún 2010, ilé ẹjọ́ gíga tún dá Unite dúró. Ìwé ìbò 11 péré ló bàjẹ́, adájọ́ ní ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mọ́kànlá, nínú ìbò ẹgbẹẹgbẹ̀rún! Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, adájọ́ méjì sí ọ̀kan.

Alàgbà_Ìkẹjà (4:50 ìrọ̀lẹ́)

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Èkó. Lọ́yà, ìwé dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà rò pé ìwé nìkan tó. Iléeṣẹ́ Nigeria Airways tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, wọ́n pa á rẹ́ ní 2003. Ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé dáadáa. Ọdún 2018 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí san ìdajì rẹ̀ fún wọn. Ọdún 15 nìyẹn! Aládùúgbò mi méjì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kú kí owó tó jáde, àwọn ọmọ wọn ló lọ gbé fáìlì síwájú tábìlì. Nílé níbí, òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 ka iṣẹ́ òfuurufú sí iṣẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ dá dúró. Ọmọ yín ṣì ní ẹgbẹ́ tó lè pe ìbò. Kó di ìyẹn mú.

Bàbá_Ìbejì_Woolwich (5:27 ìrọ̀lẹ́)

Rẹ̀mí, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n fi ń ka tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ owó oṣù níjọ́ tí wọ́n ń gbani, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mi ò sì lè pe ìyẹn ní oore. Mo gbà á lẹ́nu rẹ.

Síbẹ̀ mo ṣì ń béèrè. Àwọn British Airways yẹn, nígbà tó parí, kí ni wọ́n rí gbà? Bí mo bá fẹ́ kí ọmọ mi jà, mo fẹ́ mọ ohun tí ìjà máa ń mú wálé.

Déjì_Hounslow (7:45 alẹ́)

Ìbéèrè yẹn gan-an ló mú mi padà wá, ẹ̀gbọ́n.

Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre, wọ́n tún jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, láti ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà 2010. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ jẹ́ ọjọ́ 22. Iléeṣẹ́ náà ní ó gba nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́wọ́ àwọn. Ó fi awakọ̀ òfuurufú àtàwọn ará ọ́fíìsì tó yọ̀ǹda ara wọn dípò àwọn tó jáde, ó sì yá bàálù lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Mo rí i tí ọkùnrin kan tó wa bàálù lọ́sẹ̀ tó kọjá ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ò kí ara wọn mọ́.

Ẹ wá fi ọkàn bá mi lọ. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjà ni ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún nínú bàálù, àti àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n fẹ́ san owó kékeré fún. Láti oṣù Kẹta 2010 tí wọ́n ti gba staff travel, mi ò gbọ́ ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yìn bàálù mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jókòó ìpàdé. Walsh ní òun á dá a padà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìlà ni wọn á wà, ohun tí Rẹ̀mí ṣàlàyé yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ ọ́ ní oṣù Keje. Bí wọ́n ṣe ń fa ìyẹn lọ́wọ́, ìparí 2010 dé, àwọn ọmọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mixed Fleet ni wọ́n pè wọ́n.

Ní 2011, Walsh ti lọ sí ipò tó ga sí i, Keith Williams gba ipò rẹ̀, Len McCluskey sì di olórí Unite. Àwọn tuntun méjèèjì jókòó. Wọ́n dá staff travel padà, wọ́n fi owó díẹ̀ kún owó oṣù, wọ́n gbé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lọ sọ́dọ̀ onílàjà. Ní oṣù Kẹfà, 92 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí i. Mo wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún kò padà. Mixed Fleet kò lọ ibì kankan.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn, ó fi ọdún kan jà kó tó rí ohun tirẹ̀ gbà padà, ohun tó kọ́kọ́ ń jà fún sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2017, ó kan àwọn ọmọ Mixed Fleet. Unite ní owó oṣù ìpìlẹ̀ wọn tó nǹkan bíi 12,000 pọ́n-ùn lọ́dún, pẹ̀lú pọ́n-ùn mẹ́ta fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fò. Wọ́n yanṣẹ́ lódì ju ọjọ́ 80 lọ lọ́dún yẹn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn? Staff travel náà ni, àti owó ìmóríyá. Wọ́n yá bàálù lọ́wọ́ Qatar Airways láti fi rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa parí ní oṣù Kẹwàá, owó oṣù wọn lọ sókè, tíkẹ́ẹ̀tì sì padà. Àwọn ọmọ yẹn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó kúrò lórí tábìlì láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Èyí tí mo fẹ́ kí Tọ́lá gbọ́ nìyẹn.

Rẹ̀mí_ẹlẹ́rù_kékeré (8:10 alẹ́)

Déjì, o ṣeun. Ìyá Tọ́lá, ẹ sọ fún un pé kó má dá jáde o. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń fò bá pọ̀ tó jáde, ọ̀gá ò lè pa gbogbo wọn mọ́ ìsàlẹ̀ ìlà. Kó bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú kojú, kó má ṣe é lórí WhatsApp. Lórí WhatsApp, gbogbo èèyàn ló nígboyà.

Ẹ sì jẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n kọ "kò sí ìyà fún ẹnikẹ́ni" sí ìlà àkọ́kọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Àwa ò kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

ÌyáTọ́lá_Peckham (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Tọ́lá lálẹ́ àná, ohùn sókè, títí kan ti Bàbá Ìbejì. Ó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ohun tí Lọ́yà sọ gan-an la rí níbẹ̀, wọ́n ní àwọn lè mú un kúrò nígbàkígbà.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun á jáde. Ó ní àwọn mẹ́sàn-án lòun ti bá sọ̀rọ̀ ojú kojú, méje ní àwọn á jáde, ọ̀kan ń bẹ̀rù nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lisbon, ọ̀kan ò dáhùn. Ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìlà àkọ́kọ́ yẹn lọ sípàdé ọjọ́ Ọjọ́bọ̀.

Mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí n má lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Ó béèrè pé ṣé Tọ́lá jalè ni. Mo ní rárá, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ó ní kí n má dí ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà, pé bí mo bá wá lẹ́ẹ̀kan, kí n pẹ́ díẹ̀.

Mo ti ń wo owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kọkànlá. Ó ga.

Bàbá_Ìbejì_Woolwich (7:58 àárọ̀)

Ìyá Tọ́lá, ìyàwó mi ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, 150 pọ́n-ùn lóṣù, àwọn mẹ́wàá ni wọ́n. Ẹnì kan ti yọwọ́. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́, mo ti sọ fún un kó kọ orúkọ yín sí oṣù Kẹwàá, kí owó lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.